Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi Láì Mọ̀wẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ni mo ṣe kọ ìtàn yìí sílẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òmù-Àrán, tí kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Inú ọkọ̀ ńlá kan ní Èkó ni wọ́n ti ń kọ́ òun àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gba ìsinmi wálé, gbogbo ilé yí i ká. Ó ní inú aṣọ tí wọ́n so rọ̀ bí àwọ̀n ni àwọn ń sùn. Bí ọkọ̀ bá mì, gbogbo wọn á máa fì papọ̀. Bí agogo bá sì ti dún ní ìdájí, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á máa fọ ilẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fọ̀ lánàá.

Ìyá wa pariwo, "Ìwọ tí n kò rí ọwọ̀ lọ́wọ́ rẹ rí nílé yìí!"

Nígbà tí èrò túká, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún bàbá wa pé bí òun bá padà, wọn yóò dán àwọn wò nínú omi. Ẹni tí kò bá mọ̀wẹ̀, ilé ni wọ́n ń dá a padà sí.

"O ò sì mọ̀wẹ̀! Kí lo wá lọ ṣe lórí omi?"

"Bàbá, mo rò pé ọkọ̀ ló máa gbé mi ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìjọ ló ti bá a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Báwo ni yóò ṣe padà wá kọ ebè?

Ẹ mọ̀ pé oko iṣu ni ti àwọn ọkùnrin ilé wa. Àwa ọmọbìnrin là ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ rẹ sínú odò. Bí omi bá gbé àpò ẹ̀gẹ́ lọ, àfi ká lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e. Mo mọ̀wẹ̀ dáadáa, mo kàn máa ń dákẹ́ ni. Ta ni yóò gbọ́ pé ọmọbìnrin kékeré fẹ́ kọ́ ológun bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?

Lónìí, a ti ní Ìpínlẹ̀ Kwara tiwa, àwọn ọmọbìnrin sì ń nawọ́ ní kíláàsì láìbẹ̀rù. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí wọn. Ní tèmi nígbà náà, n kò lè nawọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rọra kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká lọ sódò."

Ó dìde, ó sì tẹ̀lé mi. Mo wọ inú omi títí ó fi kàn mí láyà, mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sórí omi, mo ní kó dọ̀bálẹ̀ lé e.