Iṣu Tuntun Tí A Fi Sílẹ̀ Nínú Ebè

Òórùn iṣu tuntun ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Ràṣídà, aládùúgbò wa ní Òtù, ń sun tiẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èéfín rẹ̀ sì ń rọra wọ yàrá tí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, dùbúlẹ̀ sí. Ìrì ṣì wà lórí koríko, gbogbo ìta funfun bí ìgbà tí èèyàn ń lá àlá. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Jẹjẹrẹ ló ń ṣe Ìyá Àgbà. Dókítà ti sọ fún bàbá mi pé kò dájú pé wọ́n á rí òpin òjò ọdún yẹn. Nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́, ẹ̀rín ni wọ́n rín: "Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò níí lọ láìjẹ iṣu tuntun." Àwọn àgbà ṣe àmín. Lójú tèmi, bí iṣu ò bá ti wọlé, Ìyá Àgbà ò lè lọ nìyẹn. Mo bẹ bàbá mi kí wọ́n má wa iṣu. Mo rò pé wọ́n á bú mi, wọ́n kàn gbé ojú kúrò lára mi, wọ́n ní, "Ẹ̀mí ò láàrọ̀, Àbẹ̀kẹ́." Gbogbo Òtù ń gún iyán, àwa ń jẹ ẹ̀kọ. Iṣu wa wà lóko bẹ́ẹ̀, ewé rẹ̀ ti ń pọ́n.

Àárọ̀ yẹn, Ìyá Àgbà fa èéfín náà símú, wọ́n pe bàbá mi.

"Ràímì, ṣé oko tìrẹ nìkan ni òjò ò rọ̀ sí ni?"

Ìyá Àgbà wo bàbá mi lójú.

"Mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ fẹ́ fi ebi so mí mọ́lẹ̀."

Bàbá mi sunkún, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n gba oko lọ. Nígbà tí iṣu náà jinná, Ìyá Àgbà jẹ díẹ̀, wọ́n lá epo ọwọ́ wọn, wọ́n ṣàdúrà fún wa. Wọn ò kú. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n tó sùn lọ, nígbà tí gbogbo wa ti gbàgbé láti máa bẹ̀rù.

Èmi náà ti di dókítà báyìí, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí oògùn ò ràn mọ́. Mo máa ń wo bí aláìsàn ṣe ń jẹun, bó ṣe ń mí, bó ṣe ń sùn, kí n lè sọ fún ẹbí bóyá oṣù ló kù tàbí ọjọ́, kí ọmọ tó wà lókèèrè lè tètè bá ojú òbí rẹ̀. Mo máa ń ṣì í nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n n kì í fi sábẹ́ ahọ́n sọ.

Bàbá mi ló wà lórí ibùsùn báyìí. Àwọn àbúrò mi yí mi ká lánàá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé oṣù ló kù fún wọn ni, àbí ọjọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé bí n kò bá sọ ọ́, kò níí ṣẹlẹ̀.