Kòkòrò Inú Àmù Ìyá Àgbà

Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ní Sakété ni mo ń gbé nígbà tí mo wọ kọlẹ́ẹ̀jì. Aṣọ ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n omi àmù wọn ló gbé orúkọ wọn ròde. Tí oòrùn bá wọ̀ nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn ará àdúgbò á yà wá fi omi náà ṣínu. Ìyá àgbà á máa gba ìyìn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n rọ òjò.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Nílé ìwé wa, ara pátákó nìkan la ti ń kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹfun ni wọ́n fi ń ya gbogbo ohun èlò fún wa. Àfi ọjọ́ tí kámíọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù, ti ìlú Pobè dé, tó ń kó ohun èlò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ káàkiri àwọn ilé ìwé. Olùkọ́ tó bá a wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà, ní kí á bu omi wá láti ilé.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbé ìgò omi ìyá àgbà lọ. Olùkọ́ kán díẹ̀ sórí dígí, ó fi sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kí gbogbo wa wá wò ó. Kòkòrò kún inú rẹ̀. Ọ̀kan ń yí gbiri, òmíràn hu irun yí ara ká, ó ń sáré bí ẹni tí ọjà fẹ́ tú mọ́ lórí. Olùkọ́ ní kí á máa se omi kí á tó mu ún. Kí n tó délé, ìròyìn ti ṣáájú mi: wọ́n ní akàn ló wà nínú omi ìyá àgbà.

Wọn ò bá mi wí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lé tìróò, wọ́n wọ aṣọ ọdún, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ. Olùkọ́ dọ̀bálẹ̀, ó gbé àpótí fún wọn. Ìyá àgbà fojú sí ẹ̀rọ, wọ́n ní àwọn ti rí i: ó dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń ṣẹ́jú.

Olùkọ́ rọra sọ pé, “Irun ìpéǹpéjú yín ni, màmá.”

Mo bu ètè jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n wá rí kòkòrò gan-an, wọ́n sún àpótí mọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n béèrè ohun tó ń jẹ àti bó ṣe ń bímọ. Olùkọ́ ní ṣe ló ń pín ara rẹ̀ sí méjì.

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. “Kò sí ìdána, kò sí orogún. Ayé tiwọn rọrùn.”

Wọn ò dìde lórí àpótí títí agogo fi lù.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti se omi. Wọ́n ní ẹni tí àwọn ti fojú rí, àwọn ò lè gbé e kaná. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń sẹ́ omi fún wa mu, títí inú fi ń run mí, tí mo ń sáré lọ sẹ́yìnkùlé láti àárọ̀ dọ̀sán. Ìyá àgbà wo ojú mi, wọ́n dáná, wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

“Ẹ má bínú,” ni wọ́n wí sínú omi náà. “Ọmọ ọmọ mi ni.”

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń mu omi sísè. Ẹni tó bá sì wá ra aṣọ lọ́wọ́ wọn, yóò kọ́kọ́ gbọ́ nípa àwọn tí kì í san owó orí ìyàwó.