Èèrí Tí Ìyá Mi Gbé Síta fún Ẹṣin Fadá

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì kéré, Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo ni a ń gbé, ìjọ Àgùdà sì ni wá. Lọ́dọọdún, Fadá máa ń gun ẹṣin láti ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ sí Iléṣà, ní ìrántí ẹni mímọ́ kan tó gun ẹṣin káàkiri láti bẹ àwọn aláìsàn wò. Àwọn ọkùnrin ìjọ á gun tiwọn tẹ̀ lé e, àwa ìyókù á máa kọrin lẹ́yìn títí dé ìpẹ̀kun àdúgbò. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà tí ẹṣin Fadá bá ti dá dúró fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ wọlé gbàdúrà fún aláìsàn.

Lọ́dún kan, bàbá mi ni àìsàn dá dùbúlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí Fadá wá bá òun. Ìyá mi rò ó títí, ó po èèrí àgbàdo sínú ọpọ́n, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Ẹṣin wo ni yóò rí èèrí tí kò ní dúró? Ẹ̀yin ọmọ, a ò mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ló ti ro irú èrò yìí. Ilé wa ló sì kẹ́yìn ní àdúgbò náà. Kí ẹṣin tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti yó bámúbámú, kò tilẹ̀ wo èèrí wa.

Ìyá mi sáré bọ́ sí títì, ó di ìjánu mú.

“Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹṣin ti yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ mi ń retí yín.”

Fadá rẹ́rìn-ín, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó pẹ́ nínú yàrá débi pé àwọn tó wà níta bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá mi kú lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kó tó lọ, inú mi sì ń dùn sí i títí dòní.

Mọ́tò ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí. Ẹṣin kan ṣoṣo ló kù, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń gbé e sí, kí àwọn èèyàn lè rí i yà ní fọ́tò. Lọ́dún yìí, ìyá àwọn ọmọ mi ló wà lórí ìdùbúlẹ̀. Mo tẹ̀pá jáde, mo na ọwọ́ sí wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wá gbàdúrà fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ orí jáde lójú fèrèsé mọ́tò.

“Bàbá, ẹ má bínú, a ti pẹ́. A máa rántí màmá nínú àdúrà.”

Wọ́n fun fèrè, wọ́n kọjá lọ. Mi ò bá wọn jà. Ayé ti di kánkán, ó sì ti rẹ̀ mí. Nígbà tí mo wọlé, ìyá àwọn ọmọ mi bi mí bóyá wọ́n ti dé. Mo ní wọ́n ṣì ń bọ̀.