Táyà Fífẹ̀ Tí Bọ̀gìnnì Dè Mọ́ Ọkọ̀ Màmá

Àbúrò mi ọkùnrin tí a ń pè ní Bọ̀gìnnì ò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ ra ohun tó ju jígí dúdú tó ń gbé sójú lọ. Àwa ọmọ yòókù la ra ọkọ̀ kékeré kan, pé kó máa fi gbé màmá lọ sílé ìwòsàn. Ojú ọ̀tún màmá ti fọ́. Tòsì ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí a bá pàdánù ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa, ojú náà lè má dúró dè wá mọ́.

Kí ni Bọ̀gìnnì fi ọkọ̀ aláìsàn ṣe? Ó ní táyà rẹ̀ tín-ín-rín jù, ó ń dójú ti òun láàárín ẹgbẹ́. Ó bá lọ gbé táyà tó fẹ̀ bí ìrọ̀rí dé. Táyà ń ha etí fẹ́ńdà, irin tó bò ó lórí. Ló bá gbé ọmọ odó màmá, ó fi há àárín táyà àti fẹ́ńdà, ó ń ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn kí etí irin lè ká sókè. Gbogbo ọ̀dà ibẹ̀ bó.

Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì lajú," ló wí. "Ọkọ̀ ti di ọkùnrin!"

Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Fi ọmọ mi sílẹ̀, ó mọ̀ ọ́n ṣe."

Bọ̀gìnnì wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká, ó padà wá ń fọ́nnu pé kò ha nǹkan kan mọ́. Òun nìkan, bó ṣe rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn! Ta ló jókòó sẹ́yìn? Kò sẹ́nì kankan. Bí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláṣehàn ṣe ń dán ọkọ̀ wò nìyẹn.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, èmi àti màmá wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwa méjèèjì sanra dáadáa, a dúpẹ́. A ò tíì kọjá kọ́nà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ti ń ké: gììììrì! Rọ́bà ń rùn. Bọ̀gìnnì bọ́ọ́lẹ̀, ó rí i pé fẹ́ńdà ti ń bó táyà lára. Ó wo táyà, ó wò wá.

"Kò sóhun tó ṣe ọkọ̀. Ẹ̀yin lẹ wúwo. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

A sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ká fọkàn balẹ̀, òun á sáré lọ sọ fún dókítà pé màmá ń bọ̀. Òpònú! Ó wa ọkọ̀ òfìfo lọ sílé ìwòsàn, ó fi aláìsàn sílẹ̀ létí títì. Kí n tó rí taksí tó gbé wa débẹ̀, wọ́n ti gbé ẹlòmíì wọlé. Wọ́n dá ọjọ́ míì fún wa, ojú màmá ò sì dúró dè é.

Ṣùgbọ́n létí títì yẹn, màmá di ọwọ́ mi mú, ó ń tẹ́tí sí ọkọ̀ bó ṣe ń lọ wẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn.

"O ò gbọ́? Kò ké mọ́. Ọmọ mi ti tún un ṣe. Pè é, kó padà wá gbé wa."