Ọjọ́ Tí Mo-Ti-Débẹ̀ Fi Téèpù Wọn Òkun

Bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Mo-Ti-Débẹ̀ ládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ òkun ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Télọ̀ ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi téèyàn lè dárúkọ tí kò ní sọ pé òun ti débẹ̀. Ìlú tí wọn ò tíì tẹ̀ dó pàápàá, ó ti sùn níbẹ̀.

Erékùṣù kan wà tí à ń rí láti etíkun wa. Nígbà tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀, ó ní òun ti lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀ rí, lálọ lábọ̀, kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé omi tó bá ti ju ti inú báàfù lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti télọ̀ ti lo ọgbọ̀n ọdún, òtítọ́ ò tíì rí ọkọ̀ wọ̀.

Káfíńtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá ọkọ̀ fún un. Ó ní kí gbogbo àwọn lọ fi ọjọ́ ìsinmi kan najú ní erékùṣù náà. Télọ̀ ní iṣẹ́ wà lórí máṣíìnì òun.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tẹ́ ẹ gúnlẹ̀ sí."

Ni télọ̀ bá faṣọ bo máṣíìnì rẹ̀.

Ẹni kẹrin wọn ni onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti télọ̀. Etí odò ni wọ́n bí i sí. Bó bá wọ omi, ẹja á yà fún un. Nínú ọkọ̀, télọ̀ fọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú gírígírí, ó ní ńṣe lòun ń bá a dúró kó má baà yẹ̀.

Wọ́n jẹun lábẹ́ igi àgbọn, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn lára. Ni káfíńtà bá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Télọ̀, lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀ ká wò."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni."

"A ó dúró kó dà nínú rẹ."

Ìyàwó kàn kọjú sí òkun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló gbé télọ̀ dìde. Bó bá ní òun ò wọ omi, àṣírí tú nìyẹn lójú obìnrin tó gba ìtàn náà gbọ́ tó sì fẹ́ ẹ.

Ó ká ṣòkòtò sókè, téèpù iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Omi mù ún dé orúnkún, ó mù ún dé ìbàdí, ó dúró. Ìgbì kan rọ́ lù ú. Ló bá fa téèpù yọ, ó tì í bọ inú omi.

Ó ní, "Ínṣì mẹ́rìndínlógójì. Omi yìí ti fà. Kò tó ohun tí èmi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ mọ́."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi yí gbiri lórí iyanrìn. Onígbàjámọ̀ náà rẹ́rìn-ín, kó tó rí i pé ẹsẹ̀ télọ̀ ò gbé mọ́. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Onígbàjámọ̀ wọ omi tọ̀ ọ́ lọ, ó sọ̀rọ̀ sókè kí ìyàwó lè gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù omi ń bà mí. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú."

Télọ̀ wò ó, ó sì dì í mú pinpin.

"Má bẹ̀rù, àbúrò. Rọra máa gbẹ́sẹ̀. Báyìí lèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀."

Ó kọ́ ọ báyìí títí wọ́n fi dé orí iyanrìn gbígbẹ. Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà tó wá gba aṣọ tí kò gbọ́ pé télọ̀ ló kọ́ onígbàjámọ̀ ní lílúwẹ̀ẹ́. Onígbàjámọ̀ ò já a nírọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ọdún tó kọjá ni télọ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó jókòó.

Ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ lọ mú un jáde nínú omi lọ́jọ́sí. Mo mọ̀ pé kò mọ lílúwẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún mi ká tó fẹ́ra wa. Ìtàn náà ló ń dùn mọ́ mi."

Onígbàjámọ̀ gbé abẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn?"

Ẹ̀rín tún pa obìnrin náà, títí omijé fi dé.

"Mo ṣe bí á tún pa irọ́ mìíràn ni," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé á tìtorí mi wọ omi."