Ẹkún Ìyá Mi Kì Í Ṣe Eré

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìlódè, ní Ifẹ̀, kò sí ọmọ tó mọ̀ ọ́n kú jù mí lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ tí ẹ wá bá mi lánàá, tí ẹ jókòó sí pálọ̀ mi níbí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tí ẹ ní kí Màmá wá ṣe ọ́díṣọ̀n fún eré ìtàn tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ ní ẹ ń wá ìyá àgbà tó lè sunkún dáadáa. Ẹ ní ẹkún gidi lẹ fẹ́, kì í ṣe ti àwọn tó ń fi àlùbọ́sà pa ojú. Mo fún yín lómi mu, mo ní kí ẹ padà wá gbọ́ èsì lónìí. Inú ló ń bí mi. Ó ṣì ń bí mi báyìí. Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì fi fóònù yẹn sápò.

Bàbá mi ń dáko kòkó, ìyá mi ń ta ẹ̀gúsí níwájú ilé. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Rárá, mo ti parọ́. Èmi nìkan ló dúró. Ọmọ mẹ́ta ló ti wá ṣáájú mi tí wọ́n sì ti padà, kò sí èyí tó dàgbà tó ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ èmi gan-an, ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ pé kí n jọ̀ọ́ kí n má lọ. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá pè mí wá jẹun, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. Gbogbo ìgbà tó bá ń pè mí kó lè nà mí, ẹ̀bẹ̀ náà ni.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láyé ìgbà yẹn, bí ọmọdé bá kú, wọn kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn ọkùnrin ni yóò gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde, àwọn obìnrin ilé yóò sì di ìyá mú nínú yàrá, wọn yóò máa sọ fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kò gbọ́dọ̀ ké. Ní agboolé tiwa, wọ́n ní ẹkún a máa lé ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn padà. Ìyá mi gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ó gbé ẹkún ọmọ àkọ́kọ́ mì, ó gbé ti èkejì mì, ó gbé ti ẹ̀kẹta mì, ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Tíṣà kan wà ní ìjọ wa nígbà náà. Kì í ṣe ará Ifẹ̀, láti ìlú mìíràn ni wọ́n ti gbé e wá sí iléèwé wa, òun náà ló sì ń darí àwọn ọ̀dọ́. Aṣọ rẹ̀ kì í rún, ẹnu rẹ̀ dùn, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dún kan, ó ní eré ìtàn la máa fi ṣe ìkórè. Eré náà dá lórí ogun ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn ọ̀tá yí ìlú ká, tí ọmọbìnrin kékeré kan sì yọ́ jáde lọ pe ìrànlọ́wọ́ wá. Ó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an, àmọ́ bó ṣe ń padà bọ̀, wọ́n ta á lọ́fà lẹ́nu odi, ó sì kú mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ ni o, bóyá tíṣà ló dá a sílẹ̀ láti orí ara rẹ̀, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ọmọbìnrin tó wà ní Ìlódè, Òkèrèwè àti Ilare ló fẹ́ ṣe ọmọ náà. Ní tèmi, mo fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ ò wù mí jẹ mọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni tíṣà pè wá wá dán wa wò. Gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì la wà, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lójú títì ti lè rí wa. Ó ní ká máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan kí òun lè mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀kan kú, ó ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn kú tán, ó tún dìde jókòó láti fa yẹ̀rì rẹ̀ bo orúnkún. Nígbà tó kàn mí, mo ṣubú lulẹ̀ gbìì, mo sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọmọ náà, mo jẹ́ kí ohùn mi máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì la ojú sílẹ̀ láì ṣẹ́ ẹ. Eṣinṣin bà sí mi létè, mi ò mira. Ni tíṣà bá ní, "Ó tán! A ti rí òkú wa." Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó níbi tí mo nà gbalaja sí.

Àṣé aládùúgbò wa kan ń kọjá lọ pẹ̀lú omi lórí. Obìnrin yẹn ò mọ eré, kò mọ àwàdà. Ó rí mi nílẹ̀, ó rí àwọn èèyàn tó dúró yí mi ká, ó ju garawa omi nù, ó sì sáré kọrí sí ilé wa. Ohun tó sọ fún ìyá mi ò ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ: "Ẹ dìde ńlẹ̀, ọmọ yín wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì o!"

Mo ṣì wà nílẹ̀, torí tíṣà ní kí n má tíì dìde kí àwọn tó kù lè wò mí kọ́ṣe. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi kí n tó rí i. Kò wé gèlè. Ẹ̀gúsí ló ń bó lọ́wọ́, èèpo rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀ káàkiri. Kò bẹ̀rẹ̀ wò mí bóyá mò ń mí. Kò tiẹ̀ wo ilẹ̀. Òkè ló kọjú sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu àyà, gbogbo ẹkún tí wọ́n ti ní kó gbé mì láti ọjọ́ yìí wá sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ̀yin mẹ́ta, mi ò ké, mi ò bú yín! Mo fi aṣọ mi dì yín, mo gbé yín fún wọn! Èwo lẹ tún wá mú? Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi o! Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi!"

Mo fò dìde. Mo ń pariwo pé eré ni, Màmá, eré ni. Ó gbá mi mú, ó fọwọ́ pa mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí ìkòkò ti sán. Ìgbà tó wá rí i pé mo pé, ó yíjú sí ọkùnrin náà, ó ní, "Tíṣà, ẹ bímọ sílé. Kí ló dé tí tiyín ò kú?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Kò dọ̀bálẹ̀. Kò ní ẹ má bínú. Ó pàtẹ́wọ́! Ó kọjú sí àwọn ọmọ tó kù, ó ní, "Ẹ rí i? Ẹ rí bí wọ́n ṣe ń sunkún? Báyẹn ni mo fẹ́ ẹ." Ó wá bẹ ìyá mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun lè rántí bí ohùn yẹn ṣe lọ. Àbí ẹ gbọ́ irú ẹ̀ rí? Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rò pé ọmọ òun kú, ó ní kó tún un ṣe! Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, a lọ sílé. Mi ò padà sídìí eré náà mọ́. Mo rò pé ó parí síbẹ̀ ni.

Ọjọ́ ìkórè pé, bàbá mi ní kí gbogbo wa lọ, kí ìjọ má baà sọ pé a ń di kùnrùngbùn. A jókòó sáàárín. Ọmọ tíṣà ò kú o, ẹ má ṣì í gbọ́. Ọmọ tíṣà ló ṣe ọmọ ọba, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó gúnwà sórí àga. Ọmọ opó kan ní Òkèrèwè ni wọ́n gbé ikú fún. Ọmọbìnrin kan tó ti dàgbà, láti Ilare, ló ṣe ìyá ọmọ. Bó ṣe jáde, mo wo ìró rẹ̀. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo ẹ̀gúsí mọ́ ọn. Ó lu àyà. Ó kọjú sókè. Ó sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá mi, ohùn ìyá mi, pẹ̀lú bí ahọ́n Ifẹ̀ wa ṣe fà á lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́, títí ó fi dórí ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Àwọn kan ń nu ojú, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń yí ọrùn wò wá. Mo wo ìyá mi. Kò sunkún, kò dìde, kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ó tẹ orí ba, ó ń fi ọwọ́ ṣa nǹkan kúrò lára ìró rẹ̀. Ìró ìmúròde ni o, tó mọ́ tónítóní, kò sí èèpo kankan níbẹ̀. Ó ń ṣa á títí wọ́n fi ṣe ìwúre.

Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọdé. Wọ́n gbé e wọ àdúgbò. Bí wọ́n bá ń pín ẹ̀pà, ẹni tí kò bá kàn á lu àyà, á ní, "Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi o!" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ń jẹ àkàrà, bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń ta ayò, bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó yẹ kí ojú tì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nídìí ẹmu. Níwájú ilé wa ni wọ́n ti ń sọ ọ́, létí ìyá mi, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ló ni ín. Mo jà títí. Mo gé ọmọ kan jẹ ní èjìká, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mélòó ni mo fẹ́ gé jẹ ní odidi Ìlódè?

Mo ti wà nílé ọkọ nígbà tí bàbá mi kú. Ní agboolé tiwa, ìyàwó òkú ló ń kọ́kọ́ figbe ta, kí àwọn obìnrin ilé tó gbè é. Gbogbo wọn ti dúró. Ìyá mi la ẹnu, ó wo ojú wọn káàkiri, ó sì pa á dé. Ó tún la á. Kò sí ohun tó jáde. Kí ni kó ké? Èyí tó ní, ọmọdé ti fi tọrọ ẹ̀pà. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ le. Wọ́n ní bóyá kò tiẹ̀ fẹ́ràn ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀. Ó gbé ìyẹn náà mì, títí òun náà fi lọ.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé tíṣà ò gbèrò ibi, pé ó ti gbàgbé. Kí ló máa ṣe tí kò ní gbàgbé? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ti darúgbó, wọ́n ní kí àgbàlagbà má bínú. Màá bínú! Ta ló máa bínú nítorí ìyá mi tí mi ò bá bínú?

Ẹ̀yin náà sì ń sọ fún mi pé ayé ti yí padà. Ibo ló yí sí? Láyé ìgbà yẹn, tíṣà ní láti tẹ́tí kó tó lè jí ẹkún ẹni ẹlẹ́ni gbé. Ní tiyín, ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́ kálukú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú ládùúgbò wa níbí láìpẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ ń yí nílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ yín dúró yí i ká, wọ́n na fóònù sí i. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ọmọ-ọmọ mi fi gbé e wá fi hàn mí, ẹnì kan ti fi orin sí i, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí ń fi rẹ́rìn-ín. Láyé tiwa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Láyé tiyín, ẹ gbé ojú oórì náà tẹ̀ lé ìyá wálé.

Ó dáa, èsì mi rè é. Ẹ béèrè bóyá mo lè sunkún. Mo lè sun ún. Mo mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tó ti já. Àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí kì í ṣe tèmi tí mo fi lè yá yín. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí n wá, màá wá. Bí ọmọ bá kú nínú eré yín, màá jókòó tì í, màá máa ṣa èèpo lára ìró mi, mi ò sì ní la ẹnu. Bí ìyẹn ò bá tó yín, ẹ lọ wá ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì gbọ́ pé èmi náà ti lọ, ẹ wá o, mi ò lé yín. Ẹ wá jẹun, ẹ wá kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ fi fóònù yín sílé. Mo ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ó sì ní ẹkún kan tó máa sun fún mi. Ẹyọ kan yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa.