Sóbò Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ pé kí a fi ohun mímu kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní sáyẹ́ǹsì, ó dá mi lójú pé kò bímọ. Bó bá bímọ ni, á mọ̀ pé ohun mímu kì í pẹ́ níwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ìtámàgá ní Ìkòròdú ni mò ń gbé nígbà náà, Ẹ̀pẹ́ ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo gbé ike sóbò ńlá kan lé itan nínú ọkọ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́, kán-ún wà nínú báàgì mi. Mo ti dán an wò nílé. Bí a bá da omi kán-ún sínú sóbò pupa, á hó díẹ̀, á dúdú, á sì di àwọ̀ ewé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n dáhùn: yàtọ̀ sí àwọ̀, kí ni kán-ún mú kúrò nínú sóbò?

Oṣù ààwẹ̀ la sì wà. Mo bẹ ọ̀gá wa pé kí a sún ẹ̀kọ́ náà di ẹ̀yìn Ìtúnu, torí ọmọ Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní kíláàsì mi. Ó ní àwọn olùbẹ̀wò lè dé nígbàkúgbà, ohun tó wà nínú ètò la máa ṣe. Èmi onígbàgbọ́ tó ti Ọ̀yọ́ wá, ta ni mí tí n óò máa bá a jiyàn lórí ààwẹ̀? Mo ní kò burú.

Mo to ife sóbò sórí tábìlì, mo kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, mo wá kọjú sí pátákó. N kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kejì tán tí ife mẹ́ta fi gbẹ. Ọmọkùnrin kan tó ní òun ń gbààwẹ̀ láàárọ̀ sọ pé ààbọ̀ ọjọ́ lòun ń gbà, ààbọ̀ ọjọ́ sì ti pé. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni o. Òmíràn bi mí bóyá yìnyín wà. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Mo rọ òmíràn, mo da kán-ún sínú ife kan, ó di àwọ̀ ewé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo bi ìbéèrè mi. Ọ̀kan ní adùn ni, ọ̀kan ní kòkòrò ni, àwọn yòókù ń wo ike. Níbẹ̀ ni ẹnì kan ti da odidi ife sára aṣọ funfun rẹ̀.

Mo ní láti mú un jáde lọ fọ aṣọ. Ta ni n óò fi ṣọ́ tábìlì? Mo rò ó, mo ní ẹni tó ń gbààwẹ̀ lóòótọ́ ni. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọdún náà ló kọ́kọ́ ń gba ààwẹ̀ dé alẹ́. Ó ti gba mọ́kànlá láìjẹ ọ̀kan, ìyá bàbá rẹ̀ tó ń ta ẹja yíyan létí ọ̀sà sì ti fi í yangàn dé mọ́ṣáláṣí. Mo gbé e jókòó ti tábìlì. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi bí mo ṣe ń jáde.

Nígbà tí mo padà, ife aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ tutù, ó ń sunkún láìpariwo. Inú bí mi, àmọ́ n kò mọ ẹni tí n bá kanra mọ́: ọ̀gá ni, tàbí èmi tí mo fi ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣọ́ omi.

Olùkọ́ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ló tù mí nínú. Ó ní ẹni tó bá gbàgbé pé òun ń gbààwẹ̀ tó sì mu nǹkan, ààwẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Nígbà tí ìyá àgbà wá mú ọmọ wọn, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní ẹ̀bi mi ni.

"Ó gbàgbé ni, mà," ni mo sọ, mo sì ṣẹ́jú sí ọmọ náà.

Ọmọ wọn ni ìyá àgbà kọjú sí. "Ṣé o gbàgbé ni?"

Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. "Mo rántí, mà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì kan ni."

Ìyá àgbà tún bi í. "Ṣé ó ṣì kan?"

"Kò kan mọ́, mà. Kán-ún ti mú kíkan rẹ̀ lọ."

Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan péré ni yóò san padà lẹ́yìn Ìtúnu, àwọn á sì bá a gbà á. Wọ́n kí mi pé mo kú iṣẹ́, wọ́n fà á lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ojú tì mí. Nínú gbogbo kíláàsì yẹn, òun nìkan ló dáhùn ìbéèrè tí mo gbé wá láti Ìkòròdú, èmi olùkọ́ rẹ̀ sì ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mò ń kọ́ ọ bí a ṣe ń purọ́.